Ohùn Tí A Fi Ń Pe Ọkọ̀

Bàbá ọmọbìnrin tí mo fẹ́ sọ̀rọ̀ rẹ̀ yìí ló fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ ní gbangba. Olùkọ́ ni àwa méjèèjì nígbà náà. Òun ni ọ̀gá ilé ìwé, èmi ni igbákejì rẹ̀. Níbi ìpàdé kan ní Igbókọ̀dá, mo dìde láti sọ̀rọ̀, ohùn mi sì lọ sókè bí ohùn àwa ará etí omi ṣe máa ń lọ. Ó dá ọ̀rọ̀ mọ́ mi lẹ́nu. "Ìyáàfin, ṣé ọkọ̀ lẹ ń pè ni?" Gbogbo gbọ̀ngàn bú sẹ́rìn-ín. Mo jókòó, n kò sì tún dìde sọ̀rọ̀ níbi ìpàdé kankan títí mo fi fẹ̀yìn tì. Mo mọ̀wé jù ú lọ. Òun náà mọ̀.

Nígbà tí ọmọ rẹ̀ obìnrin wá kúnlẹ̀ níwájú mi, n kò kọ́kọ́ dá a lóhùn dáadáa. Àwọn obìnrin tó ń yan ẹja lábúlé wa ti ní kó lọ bá àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba sọ̀rọ̀ fún wọn. Ilé ìwòsàn wa ti wà ní títì látìgbà tí nọ́ọ̀sì ti lọ. Obìnrin kan bímọ sínú ọkọ̀ lójú ọ̀nà Igbókọ̀dá, ọmọ náà kò sì yè.

"Màmá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ kọ́ mi. Bí mo bá ti rí èrò, ọ̀rọ̀ á sá mọ́ mi lẹ́nu."

"Bàbá rẹ ńkọ́? Ṣebí òun ló mọ ọ̀rọ̀ sọ."

"Àwọn gan-an ló ní kí n wá sọ́dọ̀ yín, mà."

"Ẹnu rẹ̀ gbà á?"

Ó wolẹ̀. Ọmọ ò yan bàbá. Mo ní kó wa ọkọ̀ lọ sí òdìkejì odò, kó máa bá mi sọ̀rọ̀ láti ibẹ̀.

Ẹni tó bá ń pe èèyàn lórí omi kì í da ọ̀rọ̀ sílẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Á ju gbólóhùn kan, á dákẹ́, á dúró títí tí ẹni ọ̀hún á fi dáhùn "Oo!", kó tó ju òmíràn. Ọmọbìnrin yìí mọ èyí láti kékeré. Síbẹ̀, ṣe ló da gbogbo rẹ̀ sílẹ̀ bí ẹni ń da ẹja jáde nínú àwọ̀n. N kò dáhùn.

"Màmá, ṣé ẹ ò gbọ́ ni?"

"Afẹ́fẹ́ ló gbọ́! Bi í!"

Ó rẹ́rìn-ín, ó tún bẹ̀rẹ̀.

Lọ́jọ́ ìpàdé pẹ̀lú àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba, ó di ẹ̀rọ gbohùngbohùn mú, ó sì pariwo sí i bí ẹni wà lójú omi. Ẹ̀rọ náà han gooro, àwọn ọ̀gá di etí. Ọkùnrin kan rẹ́rìn-ín. Mo mọ irú ẹ̀rín yẹn. Ọmọbìnrin náà gbé ẹ̀rọ kalẹ̀.

"Ilé ìwòsàn wa wà ní títì."

Ó dákẹ́, ó dúró. Alága rò pé ó ti parí. Ó fẹ́ pe ẹlòmíràn. Lẹ́yìn gbọ̀ngàn, àwọn obìnrin tó ń yan ẹja dáhùn pọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà: "Oo!"

"Obìnrin kan bímọ sínú ọkọ̀."

"Oo!"

"Ọmọ náà kú."

Kò sẹ́ni tó dáhùn. Ó dúró síbẹ̀, ó ń retí. Alága bọ́ awò ojú rẹ̀. "Kí lẹ fẹ́ ká ṣe?"

"Nọ́ọ̀sì tí yóò máa gbé ọ̀dọ̀ wa, sà."

Nọ́ọ̀sì dé kí òjò tó bẹ̀rẹ̀. Gbogbo wa lọ pàdé rẹ̀ létí omi. Bàbá ọmọbìnrin náà, ọ̀gá mi àtijọ́, wà níbẹ̀ pẹ̀lú ọ̀pá lọ́wọ́. Etí rẹ̀ kò gbọ́ràn dáadáa mọ́. Ó sún mọ́ mi.

"Mo wà níbi ìpàdé lọ́jọ́sí, mo sì gbọ́ gbogbo ohun tí ọmọ mi sọ," ó ní. "Ohùn yín ni."

Ó dákẹ́. Mo jẹ́ kó dúró, mo jẹ́ kó dúró dáadáa. Lẹ́yìn náà ni mo dáhùn pé, "Oo."