Súwìtì Tí Mama Tsuneyo Gbé Mì

Bí ẹ bá fẹ́ mọ bí sùúrù ṣe ń tán lára èèyàn, ẹ ò bá wo Orie, nọ́ọ̀sì eyín ìlú Sakata, lọ́jọ́ tí Mama Tsuneyo jókòó síwájú rẹ̀. Orie tí kì í jágbe mọ́ ológbò! Ọdún mẹ́sàn-án ló ti ń wọn bí àwọn àgbàlagbà ṣe lè rún oúnjẹ tó. Iṣẹ́ náà ò le: kí wọ́n rún súwìtì rírọ̀ kan fún ogún ìṣẹ́jú-àáyá, kí wọ́n bu omi díẹ̀ sẹ́nu, kí wọ́n tu gbogbo rẹ̀ sínú ife. Ẹ̀rọ á wá sọ iye ṣúgà tí eyín fún jáde. Ó ní láti tó ọgọ́rùn-ún.

Kí wọ́n tu ú. Ibẹ̀ gan-an ni wàhálà wà.

"Mama, ẹ tún ti gbé e mì!"

"Ó dùn ni."

"Ẹlẹ́ẹ̀kejì rèé o!"

"Ọmọ mi, ọdún mẹ́rìndínláàádọ́rùn-ún ni mo ti ń jẹun, mi ò tu oúnjẹ dànù rí. Òrìṣà méje ló wà nínú hóró ìrẹsì kan."

"Èyí kì í ṣe ìrẹsì, Mama. Súwìtì ni."

"Súwìtì ò wá ní òrìṣà tiẹ̀ ni?"

Orie fẹ́rẹ̀ẹ́ forí sọ ògiri. Ilé tí Mama ti ń jẹun ọ̀sán pẹ̀lú àwọn àgbà ẹgbẹ́ rẹ̀ ń retí ìwé èsì àyẹ̀wò náà. Bí wọn ò bá rí nọ́ńbà gidi, láti ọjọ́ Ajé ni wọ́n á ti máa lọ oúnjẹ rẹ̀ kúnná bí ògì ọmọ ọwọ́: ẹja, ìrẹsì, títí kan ráádíṣì, gbòǹgbò oníyọ̀ tó máa ń ró kàràkàrà lẹ́nu. Mama sì mọ̀. Òun náà ló sunkún lórí fóònù lánàá. Síbẹ̀, kò tu!

Súwìtì kan ṣoṣo ló kù. Orie mí kanlẹ̀.

"Mama, ẹ̀rọ yìí ò tíì fẹnu kan nǹkan láti àárọ̀. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bù fún un."

Mama wo ẹ̀rọ náà tàánú-tàánú. "Kí ló dé tí o ò tètè sọ?"

Ó rún un, ó sì rọra tu gbogbo rẹ̀ sínú ife. Orie ò mí títí nọ́ńbà fi yọ: mẹ́rìnlélọ́gọ́rùn-ún.

"Ẹ yege, Mama! Wọn ò ní lọ oúnjẹ yín mọ́!"

Mama fajú ro. "Mẹ́rin péré ló fi lé? Àwọn méjì tó wà níkùn mi ni mo rún dáadáa. Àwọn yẹn ni kí o wọ̀n."