Mulkh Raj Kò Jẹun, Ó Kàn Tọ́ Ọ Wò Ni

Ní àdúgbò wa ní Patiala, ní ilẹ̀ India, bí ènìyàn bá ní òun kò tíì fi nǹkan kan ẹnu láti àárọ̀, wọ́n á bi í pé, "Ṣé bíi ti Mulkh Raj?" Olóògbé Mulkh Raj ló ń dín jalebi, ìpanu dídùn tí wọ́n ń lọ́ roboto, tó ń rì í sínú omi ṣúgà gbígbóná, kí ọlọ́jọ́ tó dé.

Iyọ̀ ló dá ọ̀ràn sílẹ̀. Ó da iyọ̀ sínú omi ṣúgà ìgbéyàwó kan, ó sì gbàgbé pé òun dà á. Àwọn ọmọkùnrin rẹ̀ méjèèjì tó wà ní Delhi sọ pé iyè bàbá ti ń ra, kí wọ́n ta ṣọ́ọ̀bù, kí bàbá máa bọ̀ lọ́dọ̀ àwọn. Sudesh, ọmọbìnrin rẹ̀ tó ń bá a fẹ́ná, fàáké kọ́rí. Ó mọ̀ pé bí wọ́n bá gbé bàbá kúrò nídìí agbada, ilẹ̀ ni wọ́n ń gbé e lọ. Wọ́n wá fẹnu kò pé kí ilé ìwòsàn ńlá kan ní Chandigarh yẹ ọpọlọ rẹ̀ wò, ohun tí wọ́n bá rí níbẹ̀ ni yóò parí ọ̀rọ̀.

Dókítà Ahluwalia fara balẹ̀ ṣàlàyé. "Bàbá, ṣúgà ni oúnjẹ ọpọlọ. A ó gún yín ní abẹ́rẹ́ ṣúgà kan tí ẹ̀rọ wa lè rí. Ibi tí ara rẹ̀ yá nínú ọpọlọ á jẹ ẹ́ púpọ̀, á mọ́lẹ̀. Ibi tó ti rẹ̀ á ṣókùnkùn. Ṣùgbọ́n ẹ gbọ́dọ̀ gbààwẹ̀ wá. Bí ṣúgà mìíràn bá ti kún ẹ̀jẹ̀, ọpọlọ kò ní ráyè gba tiwa."

"Ó yé mi," ni Mulkh Raj wí. "Oníbàárà tó ti yó kì í ra jalebi."

Lọ́jọ́ tí wọ́n dá, nọ́ọ̀sì gún un níka, ó wò ó, ó tún ìka mìíràn gún.

"Bàbá, ẹ ti jẹun."

"Èmi? Mi ò jẹ nǹkan kan."

Sudesh fi orí bàbá rẹ̀ búra pé kò jẹun.

"Ṣúgà ara yín yìí tó ta lọ́jà! Kí lẹ fi kan ẹnu?"

"Kò sí o. Mo kàn tọ́ omi ṣúgà wò kí n tó kúrò ní ṣọ́ọ̀bù."

"Ẹ̀ẹ̀melòó?"

"Títí tó fi dáa."

"Jíjẹ nìyẹn, bàbá!"

"Ọmọ mi, ẹni tó ń jẹun á jókòó. Orí ìdúró ni mo wà. Iṣẹ́ ni mò ń ṣe."

Wọ́n ní kí ó máa lọ sílé. Ó kọ̀, ó ń ná an: "Ẹ jẹ́ ká pín in sí méjì. Ẹ wo ọ̀tún lónìí, kí òsì di ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀."

Nígbà tí wọ́n padà lọ, Sudesh ti ti ṣọ́ọ̀bù pa, ó sì fi kọ́kọ́rọ́ sọ́rùn. Ẹ̀jẹ̀ dáa. Wọ́n gún un lábẹ́rẹ́, wọ́n tẹ́ ẹ sí yàrá tí iná rẹ̀ kò mọ́lẹ̀ púpọ̀.

"Ẹ má sọ̀rọ̀ o, bàbá," ni nọ́ọ̀sì wí. "Ẹ má ronú ohun tó wúwo. Ẹ ṣáà sinmi."

"Báwo ni wọ́n ṣe ń ṣe ìyẹn?"

Sudesh yọjú lẹ́nu ọ̀nà. Bàbá rẹ̀ kò mira, àfi àtàǹpàkò àti ìka rẹ̀ tó ń pàdé, tó ń yà, bíi tẹni tó ń wò ó bóyá omi ṣúgà ti ń fà.

Nígbà tí àwòrán jáde, pupa àti yẹ́lò ló kún un. Ṣùgbọ́n lẹ́gbẹ̀ẹ́ méjèèjì, lápá ẹ̀yìn, ó ṣókùnkùn. Mulkh Raj wọ awò ojú rẹ̀.

"Ibi dúdú yìí, ṣé ó jóná ni?"

"Kò jóná, bàbá," ni dókítà wí. "Iná ló ń kú lọ níbẹ̀."

"Ẹ fẹ́ ẹ."

"Kò ṣeé fẹ́."

Ó bọ́ awò náà, ó nù ún. Lẹ́yìn náà ló ní, "Ìyókù ńkọ́?"

"Ìyókù ń jó dáadáa."

"Ó tó o. Ìyókù náà la ó fi tajà."

Nígbà tí wọ́n délé, òun fúnra rẹ̀ ló pe àwọn ọmọ rẹ̀ lórí fóònù. "Ẹ má wulẹ̀ wá o. Ṣọ́ọ̀bù kò ṣeé tà. Mo ti gbé agbada fún Sudesh."

Èyí tó jẹ́ àkọ́bí fìbínú dáhùn: "Bàbá, obìnrin ò mọ jalebi dín!"

"Ìwọ ọkùnrin ńkọ́, ṣé o mọ̀ ọ́n dín?"

Ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ Delhi parí sí.

Sudesh wá ń dín, bàbá jókòó tì í, ó ń bá a wí. Nígbà tó yá, ìbáwí náà ń dín kù, orúkọ àwọn oníbàárà sì ń sọnù lẹ́nu rẹ̀. Sudesh kò gbé e kúrò níbẹ̀. Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, bàbá wọ fìlà àtàtà, ó jáde gba ẹ̀yìnkùlé, ó yí wá síwájú ṣọ́ọ̀bù, ó sì tò sẹ́yìn àwọn tó fẹ́ rà.

"Ìyáàfin, èló ni?"

Sudesh wò ó lójú títí, ó dá iye lé e.

"Ó ti wọ́n jù! Olè lẹ ń jà níbí?"

Wọ́n ná an títí àwọn tó wà lẹ́yìn fi ń kùn. Sudesh gbà fún un. Bàbá jẹ ẹyọ kan, ó lá ìka.

"Ta ló kọ́ ọ níṣẹ́?"

"Bàbá mi ni."

"Ṣé ó ṣì wà láyé?"

Sudesh tẹ̀ síbi iná, ó fẹ́ ẹ, bẹ́ẹ̀ iná kò kú. "Ó wà, bàbá."

"Bá mi kí i. Ṣùgbọ́n má sọ fún un pé tìrẹ dùn ju tirẹ̀ lọ o. Irú àwọn bàbá bẹ́ẹ̀, wọn kì í gbà."

"Mi ò ní sọ," ni Sudesh wí, ó sì fi ọ̀kan kún un.