Bí Mo Ṣe Wọn Ọ̀rọ̀pọ̀, Ajá Màámi Tíṣà

Ọjọ́ tí wọ́n fẹ́ fi iṣẹ́ ọwọ́ mi dáná ni mo ṣẹ̀ṣẹ̀ mọ bí wọ́n ṣe ń wọn àwòrán, bẹ́ẹ̀ mo sì ti ń jẹun nídìí iṣẹ́ náà fún bí ogún ọdún.

Ìsàlẹ̀ Ọ̀yọ́ ni ṣọ́ọ̀bù mi wà. Prámárì Fọ́ọ̀ ni mo kàwé dé. Èmi àti ìwé jọ fẹnu kò ni, a sì pínyà. Ara ọkọ̀ akẹ́rù ni mo ti kọ́ṣẹ́: kìnnìún, ẹyẹ idì, ọ̀rọ̀ ọgbọ́n lẹ́yìn ọkọ̀. Òfin kan ṣoṣo ni ọ̀gá mi kọ́ mi lórí bí àwòrán ṣe yẹ kó tóbi tó: "Ohun tí èèyàn ò bá lè rí láti òdìkejì títì, o ò tíì yà á." Òfin yẹn dára fún ọkọ̀. Mo ya kìnnìún kan nígbà kan, ọkọ̀ náà ò lè gba Sábó ní Ògbómọ̀ṣọ́ kọjá mọ́, torí gbogbo màlúù ibẹ̀ ló ń já okùn. Ẹni tó bá ní irọ́ ni, kó lọ bi àwọn màlúù.

Ní ìparí àwọn ọdún 1980, lásìkò ọyẹ́, Màámi Tíṣà ránṣẹ́ pè mí sí Ògbómọ̀ṣọ́. Tíṣà tó ti fẹ̀yìntì ni, ọkọ rẹ̀ ti kú, kò sì bímọ. Ajá rẹ̀, Ọ̀rọ̀pọ̀, ti darúgbó, kò sì ní fọ́tò kankan. Ó fẹ́ kí n yà á kó tó lọ.

Ọyẹ́ ọdún yẹn kì í ṣe kékeré. Láti Ọ̀yọ́, ojú ọ̀nà funfun bí ògì. Igi kan á yọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀nà, á wò wá díẹ̀, á tún wọlé padà bí ẹni tó gbàgbé nǹkan sílé. Mo sùn nínú ọkọ̀, mo jí, mi ò mọ ìyàtọ̀.

Ọjọ́ mẹ́ta ni mo fi wo Ọ̀rọ̀pọ̀ lábẹ́ igi ọsàn. Ajá pupa ni, etí rẹ̀ kan ti ya. Ó ń wò mí bí àgbàlagbà ṣe ń wo àlejò tí kò kí i dáadáa. Mo béèrè lọ́wọ́ ìyá náà pé, "Màámi, báwo lẹ ṣe fẹ́ kó tóbi tó?"

Ó ní, "Kàrímù, ìwọ lo mọṣẹ́ rẹ. Ṣe é bó ṣe yẹ."

Bó ṣe yẹ! Mo ra odindi pákó pẹlẹbẹ, èyí tó ga dé àyà mi. Ọ̀rọ̀pọ̀ fúnra rẹ̀ kò tóbi ju bó ṣe rí lọ, àmọ́ mo fi koríko, òkè àti ojú ọ̀run yí i ká. Ọjọ́ tí mo parí ojú rẹ̀ méjèèjì ni ajá náà kú, bí ẹni tó ń dúró kí n ṣe tán.

Ìṣó kan ṣoṣo tó lágbára lára ògiri pálọ̀ wà lókè fọ́tò ọkọ Màámi. Ibẹ̀ ni mo gbé e kọ́. Adìyẹ kan tó wọlé wá ṣa jẹ gbójú sókè rí i, ó sì yé ẹyin tí kò tíì tó àsìkò síbẹ̀.

Lọ́sàn-án ọjọ́ náà ni Bàbá Ọlọ́kọ̀ dé, àbúrò ọkọ Màámi, tó ń wa ọkọ̀ akẹ́rù. Ẹnu ọ̀nà ló dúró sí. Ohun tí mo gbàgbé ni pé ògiri pálọ̀ wa dà bí ìpàdé ẹbí: olúkúlùkù ló ní ipò tirẹ̀ níbẹ̀, àwòrán tó tóbi jù, tó sì ga jù, ti baálé ni.

"Ìyàwó," ló wí, "ta ló kú nílé yìí? Ẹ̀gbọ́n mi ni àbí ajá?"

"Ọkọ mi, ẹ jọ̀ọ́, ẹ jókòó ná."

"Ibo ni kí n jókòó sí? Ṣé kí n kọ́kọ́ dọ̀bálẹ̀ fún ajá ni?"

Mo ní, "Bàbá, kí wọ́n lè máa rí i láti òkèèrè ni..."

"Pa ẹnu rẹ dé! Ṣé ara ọkọ̀ lo rò pé o wà?" Ó na ìka sí ògiri. "Tí mo bá padà wá láàárọ̀ ọ̀la tí ajá yìí ṣì ju ẹ̀gbọ́n mi lọ, èmi fúnra mi ni mo máa fi í se omi ìwẹ̀."

Ó lọ. Màámi ò sunkún. Ó kàn ní, "Kàrímù, kò sí Ọ̀rọ̀pọ̀ mìíràn tí wàá wò yà o."

Òótọ́ ni. Mo jókòó sílẹ̀. Oòrùn ìrọ̀lẹ́ ń gba inú ọyẹ́ wọlé bí epo nínú omi, gbogbo nǹkan inú pálọ̀ sì rọ̀. Bí ọ̀rọ̀ ṣe bọ́ lẹ́nu mi, mi ò mọ̀: "Màámi, nígbà tó wà láàyè, ibo lẹ ti máa ń wò ó?"

Ó rẹ́rìn-ín. "Ta ló ń wò ó? Tí mo bá ti jókòó báyìí, á gbé orí lé mi lórúnkún. Ọwọ́ mi ló ń wò ó."

Mo fún un ní okùn kó fi wọn orúnkún ara rẹ̀. Mo gbé okùn náà lé pákó: orí Ọ̀rọ̀pọ̀ àti ọrùn rẹ̀, kò lé, kò dín. Mo yá ayùn lọ́dọ̀ káfíńtà. Nígbà tí ayùn kan ọrùn, Màámi fọwọ́ bojú, èmi náà sì búra pé mo gbọ́ tí pákó gbó. Mo ha etí pákó náà dán kó má baà gún Màámi. Ara tó kù ni mo wá gbé padà sí ṣọ́ọ̀bù mi ní Ọ̀yọ́ nígbà tó yá. Olè kan ò gba ibi tí ìrù yẹn wà kọjá rí.

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, Bàbá Ọlọ́kọ̀ wọlé, ó wo ògiri. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ nìkan ló wà níbẹ̀.

"Ajá ńkọ́?"

"Òun rèé, ọkọ mi."

Ó wà lórúnkún Màámi, ọwọ́ Màámi wà láàárín etí méjèèjì, ó ń fi pa á lórí jẹ́jẹ́. Ọkùnrin náà kọjú sí mi: "Ìwọ, mo fẹ́ kí o ya ẹ̀gbọ́n mi. Kó tóbi! Kó kún gbogbo ẹ̀yìn ọkọ̀ mi!"

Ká ní àná ni, ǹ bá ti fò mọ́ iṣẹ́ yẹn. Mo ní, "Bàbá, nígbà tí wọ́n wà láyé, ibo lẹ ti máa ń rí wọn?"

Ó wo ọkọ̀ rẹ̀ níta. "Ẹ̀gbẹ́ mi," ló wí. "Iwájú ọkọ̀. Mi ò kì í lè yíjú wò ó nítorí títì. Ohùn rẹ̀ ni mo máa ń gbọ́: 'Rọra, àbúrò, rọra.'"

Mo jáde lọ jókòó sí iwájú ọkọ̀ náà, lápá ibi tí ẹ̀gbọ́n ń jókòó sí, mo sì fi ìka wọn ara ilẹ̀kùn ibẹ̀. Ìwọ̀n àtẹ́lẹwọ́ kan ti tó. Mo yà á ní ẹ̀gbẹ́ ojú, bí ẹni tó kọjú sí títì, mo sì jẹ́ kí ẹnu rẹ̀ ṣí díẹ̀.