Eré Tí Wọ́n Kọ Sára Páálí Ìbọn

Ní ọdún kan, odindi àsìkò òjò ni Àlájì tó ni ilé tí mo háyà ní àdúgbò Jollof Town kò fi bá àna rẹ̀ sọ̀rọ̀, nítorí ẹyẹlé. Bí mo bá ń sọ ọ́ báyìí, àwọn èèyàn máa ń rò pé àwàdà ni. Kò sẹ́ni tó rẹ́rìn-ín nínú ilé wa nígbà yẹn.

Olùkọ́ físíìsì ni mí. Láti Ìbàdàn ni mo ti wá ń kọ́ àwọn ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ girama ní Banjul, olú ìlú Gáńbíà, mo sì gba yàrá méjì ní ẹ̀yìn agboolé Àlájì. Ọmọ ẹ̀yà Aku ni òun àti ìyàwó rẹ̀, Freetown ni àwọn baba ńlá wọn ti wá. Èdè wọn kì í ṣe Yorùbá, ṣùgbọ́n bí wọ́n bá kí mi láàárọ̀ pé “Kushe”, mo máa ń gbọ́ “ẹ kú iṣẹ́” nínú rẹ̀. Bí wọ́n bá sì ń sọ ọmọ lórúkọ, komojade ni wọ́n ń pè é. Èmi a fi Píjìn sọ̀rọ̀, àwọn a fi Aku fèsì, a sì ń gbọ́ ara wa yé. Yorùbá ni mo fi kọ ohun tí wọ́n sọ síbí.

Àlájì ní ilé ìkẹ́rù kan ní Kanifing, láàárín àwọn ilé iṣẹ́. Ìrẹsì àti ìyẹ̀fun ló ń kó síbẹ̀. Àwọn ẹyẹlé ti gba abẹ́ páànù wọlé, wọ́n ń gbé lórí igi àjà, orí àpò ìrẹsì sì ni wọ́n ń yàgbẹ́ sí. Àlájì fẹ́ràn ìmọ́tótó. Ó fi ariwo lé wọn, wọn ò lọ. Ó fi èéfín lé wọn, àwa la sá jáde. Ó gbé ológbò kan wá. Ológbò náà sùn lórí àpò ìyẹ̀fun títí ara rẹ̀ fi funfun.

Ìgbà náà ni àna rẹ̀, ẹ̀gbọ́n ìyàwó rẹ̀ tó máa ń ṣòwò lọ sókè òkun, bá a ra ìbọn afẹ́fẹ́ bọ̀. Kì í ṣe ìbọn ẹ̀tù. Èèyàn á ká ẹnu rẹ̀ wálẹ̀ láti fi fún sípíríǹgì inú rẹ̀ pọ̀, bó bá yìn ín, afẹ́fẹ́ ni yóò ti ọta kékeré tí kò tó ẹ̀wà kan jáde. Àlájì gba àṣẹ lọ́wọ́ ọlọ́pàá kó tó gbé e lọ sí Kanifing. Lára páálí rẹ̀, wọ́n kọ ọ́ gàdàgbà pé ọta rẹ̀ ń sáré ẹgbẹ̀rún ẹsẹ̀ bàtà láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan.

“Tícha, ṣé eré gidi nìyẹn?” Àlájì bi mí.

“Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ bá eré ìró dọ́gba, sà.”

“Ìyẹn ni pé ẹyẹlé ò ní í gbọ́ kó tó kú.”

“Ohun tí páálí sọ nìyẹn, sà.”

Ní ọjọ́ Sátidé, èmi àti òun lọ sí Kanifing. Ó dúró lẹ́nu ọ̀nà, ẹyẹlé wà ní igi àjà tó jìnnà jù lọ. Ó yìnbọn. Ẹyẹlé wo ọ̀tún, ó wo òsì, ó padà sídìí ohun tó ń ṣe. Àlájì yìn ín títí apá fi ń ro ó. Nígbà tó sú u, ó gbé pákó kan ti ògiri, ó yìn ín sí i láti ibi tó dúró sí. Ọta wọ pákó náà dé ìdajì, ó há síbẹ̀. Àlájì fi èékánná tọ́ ọ wò.

“Ayédèrú ni,” ló wí. “Ohun tó ń bá ìró sáré ò ní í há sínú pákó.”

Ó pe àna rẹ̀ lórí fóònù níbẹ̀. Mi ò gbọ́ èsì, ṣùgbọ́n Àlájì tún un sọ fún mi lọ́nà ilé: àna ní ọkùnrin tí ẹyẹlé ṣẹ́gun ló ń bú ìbọn. Láti ọjọ́ náà ni wọn ò ti bá ara wọn sọ̀rọ̀ mọ́. Nígbà tí wọ́n bí ọmọ-ọmọ fún àna náà, ìyàwó Àlájì nìkan ló lọ síbi komojade. Àlájì ní orúnkún ń dun òun. Orúnkún méjèèjì náà ló fi kúnlẹ̀ bu omi sídìí òdòdó rẹ̀ ní gbogbo àárọ̀ ọjọ́ náà.

Ní ọjọ́ kejì, ìyàwó rẹ̀ kan ilẹ̀kùn mi.

“Tícha, ìwọ lo mọ ìwé. Bá mi wádìí ìbọn yìí. Bí ẹ̀gbọ́n mi ló jẹ̀bi, kí n mọ̀. Bó bá ṣe ọkọ mi ni, kí n mọ̀. Ẹbí ń bi mí léèrè ọkọ mi, mo ń parọ́ orúnkún.”

Ojú rẹ̀ pọ́n. Mi ò lè sọ pé rárá.

Ẹ̀rọ tó ń wọn eré ọta wà láyé, ṣùgbọ́n mi ò mọ ẹni tó ní in ní Banjul. Ọgbọ́n àtijọ́ kan ni mo lò. Mo di amọ̀ kún inú àpótí igi kékeré, mo fi okùn so ó rọ̀ bíi jangirọ́fà. Bí ọta bá wọ inú amọ̀, àpótí á fì sẹ́yìn. Bó bá ṣe fì tó, pẹ̀lú ìwọ̀n àpótí àti ìwọ̀n ọta, la ó fi mọ eré tí ọta ń sá. Ọta ló le jù láti wọ̀n. Mo gbé e lọ bá alágbẹ̀dẹ wúrà kan ní ọjà.

“Fàdákà ni?” ó béèrè.

“Òjé ni.”

Ó fara balẹ̀ wọ̀n ọ́n, ó nu òṣùwọ̀n rẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì, ó sì kọ ìwọ̀n náà fún mi.

Oríṣi ọta méjì ló wà nílé. Èyí tí Àlájì fi ń yìnbọn jẹ́ òjé, agolo ńlá ni àna rà kún ìbọn náà nítorí pé ó dára. Èkejì fúyẹ́, ó ń dán, ìwọ̀nba ló wà nínú ọ̀rá kékeré nísàlẹ̀ páálí. Kò sẹ́ni tó fọwọ́ kàn án. Mo gbé òun náà lọ wọ̀n: ìwọ̀n òjé fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìlọ́po méjì tirẹ̀.

Mo pe Àlájì àti ìyàwó rẹ̀ sí Kanifing kí wọ́n fojú ara wọn rí i. Mo yin òjé sí àpótí láti ìtòsí, mo ṣírò: nǹkan bí ẹẹ́dẹ́gbẹ̀rin ẹsẹ̀ bàtà.

“Ẹ rí i?” ni Àlájì wí. “Ayédèrú.”

Mo ki ọta tó ń dán bọ̀ ọ́. Ó kù díẹ̀ kó pé ẹgbẹ̀rún. Àlájì ní kí n tún un ṣe. Mo tún un ṣe, ohun kan náà ló jáde.

“Ìbọn kan náà?”

“Ìbọn kan náà, sà. Èyí tó fúyẹ́ jù ni àwọn tó ṣe é fi wọ̀n ọ́n, ẹnu ìbọn ni wọ́n sì ti wọ̀n ọ́n. Wọn ò parọ́. Wọn ò kàn sọ ohun tí wọ́n fi wọ̀n ọ́n ni.”

“Ó dáa. Èyí tó ń sáré ni n ó máa lò.”

Mo ní kó jẹ́ kí n gbé àpótí lọ sí ìsàlẹ̀ igi àjà tó jìnnà, níbi tí ẹyẹlé máa ń wà. Ọta tó ń dán ò bá àpótí rárá nígbà àkọ́kọ́. Nígbà tó bà á, eré ti tán lára rẹ̀. Bí èèpo ẹ̀pà ni, kì í lọ jìnnà bó ti wù kéèyàn lágbára tó. Òjé tí kò yára tó o láti ìbẹ̀rẹ̀ ṣì ń lọ, ojú kan náà ló sì ń bà.

Ìyàwó Àlájì gba ìbọn lọ́wọ́ mi. Kò yìn ín sí ẹyẹlé, ó ní ẹyẹlé ò ṣẹ òun. Ó fi òjé yìn ín sí àpótí láti ẹnu ọ̀nà, ó bà á láàárín gbùngbùn. Ó dá ìbọn padà fún ọkọ rẹ̀.

“Ẹ̀gbọ́n mi ò jẹ̀bi,” ó wí. “Ẹ pe káfíńtà kó wá fi wáyà dí abẹ́ páànù yẹn.”

Káfíńtà wá lọ́sẹ̀ náà. Ó dúró kí àwọn ẹyẹlé jáde lọ jẹun, ó sì dí i. Wọ́n kó lọ sí ilé ìkẹ́rù tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ẹni tó ni ín sì wá béèrè lọ́wọ́ Àlájì bóyá ìbọn náà ṣeé yá.

Àlájì ò tọrọ àforíjì, kì í ṣe irú èèyàn bẹ́ẹ̀. Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Jímọ̀ kan, nígbà tí òjò ń kásẹ̀ nílẹ̀, ó wọ kàfútáànì funfun, ó ní kí n sin òun dé ibì kan. A rìn títí a fi dé ilé àna rẹ̀. Bàbá náà jókòó síwájú ilé, ó ń se attaya, tíì kíkorò tí wọ́n máa ń sè lórí èédú níbẹ̀, tí wọ́n sì ń dà lọ dà bọ̀ nínú ife kéékèèké. Ó wo Àlájì tìtì. Ó ṣan ife, ó bu sí i, ó nà án sí i.

“Orúnkún ńkọ́?” ó béèrè.

“Ó ti ń sàn.”

“Aláfíà ni fún un o.”

Wọ́n mu ún tán. Àna pe sínú ilé pé kí wọ́n gbé ọmọ jáde. Ọmọ náà ti lè gbé orí dúró nígbà yẹn. Wọ́n gbé e lé Àlájì lọ́wọ́, ó wo irùngbọ̀n rẹ̀, ó sì figbe ta. Àlájì ò dá a padà. Ó dìde, ó ń gbé e rìn káàkiri iwájú ilé, ó ń kọrin kan tí mi ò mọ̀ sí i létí, títí ọmọ náà fi sùn lé e léjìká. Nígbà tí wọ́n pe ìrun Màgàríbì, ó gbé ọmọ fún ìyá rẹ̀, àwọn ọkùnrin méjèèjì bọ́ sójú ọ̀nà mọ́ṣáláṣí. Èmi nìkan ni mo rìn padà sílé.