Omi Tí Ọmọ Kọ́kọ́ Wẹ̀

Láti Obajana títí dé Lọ́kọ́ja, kò sí ẹ́ńjìnnì tírélà tó lè fi nǹkan pa mọ́ fún mi. Ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ni mo ti já, mi ò sì kábàámọ̀ ẹ̀. Ẹ jẹ́ kí ọkọ̀ wúkọ́ lẹ́ẹ̀kan péré, kí n wo àwọ̀ èéfín ẹ̀, mo ti mọ ibi tó ń dùn ún láìtíì fọwọ́ kan nọ́ọ̀tì. Àwọn awakọ̀ á sùn sí gárééjì mi dè mí ju kí wọ́n gbé e fún ẹlòmíì lọ. Ìdí nìyí tí orí mi fi gbóná lọ́jọ́ tí dókítà kan jókòó síwájú mi ní ọsibítù ní Felele, tó ní èmi ni ìṣòro.

Ọmọ ni èmi àti ìyàwó mi ń wá, láti ìgbà tí ojú ọ̀nà Àbújá yẹn ṣì jẹ́ igbó. Dókítà ọ̀hún, ọmọbìnrin Ìgalà ni, Ìlọrin ló ti kọ́ Yorùbá. Yorùbá ẹ̀ dùn, àmọ́ ohùn ẹ̀ máa ń wálẹ̀ níbi tí kò yẹ kó wálẹ̀.

"Dádì," ó ní. Bí wọ́n ṣe ń pe gbogbo ọkùnrin níbẹ̀ nìyẹn, àtẹni tó bímọ àtẹni tí kò bí. "Ẹ má bínú. Ẹ̀yin ni ìṣòro. Ẹ̀yin ti dàgbà. Agbára ẹ̀yin ti dínkù."

"Agbára ta ni? Èmi tí mo dá gbé gíábọ́ọ̀sì lánàá?"

Ìyàwó mi dorí kodò. Mo rò pé ó ń sunkún. Ẹ̀rín ló ń rín.

"Ọ̀gá mi, ẹyin ni wọ́n ń sọ o. Ẹyin inú obìnrin. Tèmi!"

Dókítà fọwọ́ bo ẹnu. Àwa mẹ́tẹ̀ẹ̀ta bú sẹ́rìn-ín, tèmi ló sì pẹ́ jù. Nígbà tí mo máa fi wojú ìyàwó mi, ẹ̀rín ti tán níbẹ̀.

Dókítà wá ṣàlàyé. Àwọn nǹkan tíntìntín kan ń bẹ nínú ẹyin tó ń fún un lágbára, bí ẹ́ńjìnnì. Orúkọ wọn gùn bí tírélà: maitokọ́ńdíríà. Bí obìnrin bá ń dàgbà, ó máa ń rẹ̀ wọ́n, ẹyin tó fẹ́ pín ara ẹ̀ di ọmọ lè má lágbára tó.

"Ẹ pààrọ̀ wọn," mo ní.

"Kò rọrùn bẹ́ẹ̀, Dádì. Kò sí oògùn tí mo lè fọwọ́ sọ̀yà fún yín."

"Ẹ mú nínú tèmi kún un."

"Ti ìyá nìkan ni ọmọ ń gbà."

"Kí wá niṣẹ́ tèmi ńbẹ̀?"

Ó dáhùn, ó sì pẹ́ lórí ẹ̀. Mo ń mi orí bí ẹni tó gbọ́. Kò yé mi.

Wọ́n gba ẹyin lára ìyàwó mi, wọ́n pò ó mọ́ tèmi nínú àwo. Méjì péré ló dàgbà débi tí wọ́n fi lè gbé e sínú yìnyín. Dókítà ní òun ò ní gba òmíì mọ́, kò ní lérè. Ẹyọ kan ni wọ́n máa kọ́kọ́ gbé sínú ẹ̀, àwa la sì máa sọ èwo.

Wọn ò fẹ́ gé lára àwọn ọlẹ̀ méjèèjì láti mọ èyí tó pé, kí wọ́n má baà ṣe wọ́n léṣe, ni wọ́n bá yẹ omi tí wọ́n ti ń wẹ̀ nínú àwo wò. Ìyẹn yé mi: èéfín ni. Àmọ́ ẹ gbọ́ o. Èyí tó dán, tó rí rọ̀bọ̀tọ̀ lójú, omi tiẹ̀ ò dára. Èyí tó rí játijàti, omi tiẹ̀ dára. Dókítà tún ní omi náà lè ṣì wá lọ́nà. Èéfín wo ló ń sọ pé "bóyá"? Mi ò rí irú ẹ̀ rí.

Nínú kẹ̀kẹ́ tó ń gbé wa lọ sílé ní Lokongoma, mo ní, "Èyí tó rọ̀bọ̀tọ̀ ni. Ojú la fi ń mọ ọ̀rọ̀."

"Èyí tí omi ẹ̀ dára ni," ìyàwó mi ní.

"Omi tí wọ́n ní ó lè parọ́?"

"Ojú tiyín kì í parọ́? Inú mi ni wọ́n ń gbé e sí, ọ̀gá mi, kì í ṣe gárééjì."

Oníkẹ̀kẹ́, ọmọ Haúsá, bojú wẹ̀yìn. Mo ní kó máa wojú ọ̀nà.

Lọ́jọ́ tí wọ́n fẹ́ gbé e sí i, dókítà bi wá léèrè níkẹyìn. Mo lanu. Ìyàwó mi ló dáhùn: "Èyí tí omi ẹ̀ dára." Mo rí i lórí tẹlifíṣọ̀n wọn, ó tàn fírí bí iyọ̀, ó wọlé.

Ní báyìí, à ń retí àyẹ̀wò tó máa sọ bóyá oyún dúró. Mo ń ronú èyí tó kù nínú yìnyín. Ṣé ọmọ mi ni, àbí kì í ṣe ọmọ? Mi ò mọ ẹni tí mo lè bi. Láàárọ̀ yìí mo bá ìyàwó mi lórí ìjókòó ní pálọ̀, ó gbé ọwọ́ lé ikùn, ó ń kí i bí àwa ọmọ Òkun ṣe ń kí àlejò nílé wa: "Òkun o. Òkun."

Mo dúró lẹ́nu ọ̀nà. Mi ò mọ̀ bóyá kí n bá àlejò náà dáhùn.