Ọgbẹ́ Ọrùn Àgbò Bàbá Wa

Kí bàbá wa tó kú, ó ra ọ̀dọ́ àgbò kan, ó ní òun kò ní ra ẹran Iléyá lọ́jà mọ́, èyí tí òun fọwọ́ ara òun sìn lòun máa pa. Ikú kò jẹ́. Ìyá wa wá fọkàn sí i pé Iléyá tó ń bọ̀ la óò pa á lórúkọ rẹ̀, níwájú ilé wa ní Port-Bouët, nílẹ̀ àjèjì tí wọ́n ti ń sọ Faransé.

Ọdún ti ń sún mọ́lé nígbà tí okùn bó ẹran náà lọ́rùn. Ọgbẹ́ kékeré ni. Mo lọ bá dókítà ẹran, ó ní ká tú okùn náà, ká máa fomi iyọ̀ fọ ojú ọgbẹ́ láàárọ̀ àti nírọ̀lẹ́, ká fi ìpara tí í lé eṣinṣin pa etí ọgbẹ́ náà, ká sì jẹ́ kí afẹ́fẹ́ máa fẹ́ sí i. Ó ní bí eṣinṣin bá fi lè yé sí i, ìdin ló kàn.

Ta ló fẹ́ gbọ́? Àwọn ará Ṣakí, ará ìlú wa tí a jọ wà níbí, kì í yé wá kí opó, bí wọ́n bá sì dé, àgbò ni wọ́n ń kọ́kọ́ yẹ̀ wò, torí ẹran tó lábùkù kì í ṣe ẹran Iléyá. Ìyá wa ya ìborùn, ó fi wé ọrùn ẹran náà pinpin.

"Màmá, ẹ tú u. Dókítà ní ká má bò ó."

"Àṣírí ni mò ń bò. Ṣé o fẹ́ kí wọ́n sọ pé ọkọ mi ṣẹ̀ṣẹ̀ kú, n kò lè tọ́jú ẹran rẹ̀?"

Ètè ló fi sílẹ̀ tó ń pa làpálàpá, ṣùgbọ́n ta ni yóò sọ bẹ́ẹ̀ fún ìyá rẹ̀?

Àbúrò mi obìnrin, tí wọ́n bí síbí, ló kọ́kọ́ gbóòórùn.

"Maman, ça sent! Ó ń rùn o!"

A tú aṣọ náà. Ìdin ń yí wúrúwúrú nínú ọrùn rẹ̀. Dókítà wá ṣa wọ́n kúrò. Àgbò kò kú, ṣùgbọ́n ọgbẹ́ ti jinlẹ̀. Nígbà tí ọdún ku ọ̀la, ó ṣì ń ṣẹ̀jẹ̀. Àlùfáà wò ó, ó mirí.

"Ìyá, kò yẹ fún Iléyá yìí."

Lọ́jọ́ ọdún, àwọn tó ń ti yídì bọ̀ bá ìyá wa lórí àpótí, ó ń fọ ọgbẹ́. Obìnrin kan bi í pé kí ló ṣe ẹran.

"Ìdin ni. Èmi ni mo bò ó títí ó fi yọ ìdin."

N kò rí i kó sunkún nígbà tí bàbá wa kú. Ibẹ̀ ló ti bú sẹ́kún.

"Iṣẹ́ kan ṣoṣo ni ọkọ mi fi sílẹ̀ fún mi."