Èbù Iṣu Tí Àsùmáù Kò Jẹ́ Kí Wọ́n Sè

Ẹni tó bá ra iṣu lọ́wọ́ mi ní etí títì Manigri yóò gbọ́ tí mo ń pe iṣu kan ní Bàbá Rabiatou, tí mo ń pe òmíràn ní Ebè-wọ́. Àwọn oníbàárà mi láti Pénéssoulou a máa rẹ́rìn-ín. Wọ́n á ní, "Ìyá, iṣu náà ń jẹ́ orúkọ ènìyàn?" Mo máa ń sọ fún wọn pé bẹ́ẹ̀ ni, pé bí wọ́n bá ní sùúrù díẹ̀ wọ́n á gbọ́ ìdí rẹ̀. Àwọn kan ní sùúrù. Àwọn kan ti gun mọ́tò lọ kí n tó la ẹnu. Ẹ̀yin tí ẹ jókòó ti ìwé, ẹ ti ní sùúrù nìyẹn, ẹ jẹ́ kí n rò ó fún yín.

Àsùmáù ló bí Rabiatou, Rabiatou ló bí bàbá mi. Láti ẹnu Rabiatou ni mo ti gbọ́ ọ, kì í ṣe ẹ̀ẹ̀kan, kì í ṣe ẹ̀ẹ̀mẹwàá. Àsùmáù kì í ṣe ìyàwó ọba, kò sì kó ẹrù ńlá lọ sí ọjà kankan rí. Obìnrin kúkúrú ni, ohùn rẹ̀ kò ga, ṣùgbọ́n tó bá ti sọ pé rárá, ẹ lọ jókòó.

Nígbà tí wọ́n gbé e wá sílé ọkọ ní Manigri, ó bá àṣà kan níbẹ̀ tí gbogbo ìyàwó Nàgó mọ̀. Ìyàwó kì í pe orúkọ ọkọ rẹ̀. Kì í pe orúkọ ẹnikẹ́ni tó bá nínú ilé, ìbáà jẹ́ ọmọ tí ń rá kòrò. Ó ní láti wá orúkọ tirẹ̀ fún wọn. Mamadou ni ọkọ rẹ̀ ń jẹ́. Nígbà tí wọ́n bí Rabiatou, ó di Bàbá Rabiatou. Ìyá ọkọ rẹ̀ di Ìyá Àgbà. Sànní, àbúrò ọkọ rẹ̀, gùn, ó sì tín-ín-rín, ó sọ ọ́ ní Ọ̀pẹ́lẹ́ńgẹ́. Djamilatou, ọmọbìnrin ilé, ní eyín tó wuyì, òun di Eyínafẹ́. Ó wá ku Issa, àbíkẹ́yìn wọn, tí kò mọ ebè í kọ. Gbogbo ebè tó bá kọ ló máa ń wọ́ sí apá òsì bí ẹni tí ẹrù wúwo lé lórí. Àsùmáù sọ ọ́ ní Ebè-wọ́.

Issa bínú. Ó ní, "Ìyàwó, gbogbo ohun tó wà lára mi, ìyẹn nìkan lo rí?"

Àsùmáù ní, "Ọkọ mi, ẹ tún un kọ, èmi náà á tún orúkọ wá."

Kò tún un kọ. Orúkọ náà mọ́ ọn lára.

Gbogbo wọn ló ń ṣiṣẹ́ lóko kan náà, oníkálukú pẹ̀lú poro ebè tirẹ̀ àti èbù iṣu tirẹ̀ tó ń gbìn láti ọdún dé ọdún. Ẹni tó bá mọ̀ wọ́n kò nílò kí wọ́n sọ fún un pé ti ta ni èyí. Ebè Ọ̀pẹ́lẹ́ńgẹ́ ga, ó sì rí tín-ín-rín bí olúwa rẹ̀. Ti Bàbá Rabiatou tóbi, ó sì rọ̀. Ìyá Àgbà máa ń gbin ilá sí ẹsẹ̀ tirẹ̀. Eyínafẹ́ máa ń di koríko tó fi dé orí ebè bí ẹni di gèlè. Ti Issa, mo ti sọ.

Ọdún tí ogun Dàhómì dé bá wọn, ẹ̀ẹ̀rùn ni, wọ́n ń gbin èbù lọ́wọ́. Nígbà náà, láti Kétu dé Ṣábẹ̀ títí dé ọ̀dọ̀ wa, kò sí ilé Nàgó tí kò sunkún ẹnì kan. Wọ́n kó ènìyàn lọ bí ẹni ń ká àgbàdo. Ti ọ̀dọ̀ wa kéré lójú ẹni tó bá ń ka òkú ìlú ńlá: oko kan ṣoṣo, ènìyàn márùn-ún. Ṣùgbọ́n àwọn márùn-ún yẹn ni gbogbo àwọn tí mo dárúkọ tán yìí.

Àsùmáù kò sí níbẹ̀. Ó ti gbé Rabiatou pọ̀n, ó ru òrí lọ sí ọjà Bassila, ó sùn sọ́dọ̀ ọ̀rẹ́ rẹ̀ Aminatou. Ọ̀sán ọjọ́ kejì ló padà dé oko. Ọkọ́ ló kọ́kọ́ rí, márùn-ún, nílẹ̀ káàkiri. Kò sí ènìyàn. Ó wá rí i pé poro kọ̀ọ̀kan ní ibi tó dúró sí. Títí dé ibì kan, ebè ní èbù nínú, ó dé fìlà koríko. Láti ibẹ̀ lọ, ebè ṣí sílẹ̀, èbù wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ nínú agbọ̀n. Ó mọ ibi tí ọwọ́ oníkálukú ti dúró.

Rabiatou sọ pé ìyá òun kò sunkún níbẹ̀. Ó sọ ọmọ kalẹ̀ sábẹ́ igi, ó mú ọkọ́ Issa, ó gbin ìyókù. Nígbà tí oòrùn ń wọ̀ ni àwọn ará ilé tó sá sígbó jáde wá, tí wọ́n bá a níbẹ̀, ó ń di koríko Eyínafẹ́ ní gèlè, ó ń tú u, ó ń tún un dì, nítorí kò rí bí ti ẹni tó ni ín.

Láti ọdún náà, ó gba iṣẹ́ ènìyàn márùn-ún mọ́ tirẹ̀. Obìnrin kì í kọ ebè lọ́dọ̀ wa nígbà náà. Ọkùnrin ló ń kọ ọ́, ti obìnrin pàápàá. Ó kọ ọ́. Kò lè ṣe gbogbo ilẹ̀ náà, nítorí náà ó ń ṣe ebè mẹ́wàá mẹ́wàá fún ẹnì kọ̀ọ̀kan, ó sì ń kọ wọ́n bí ti olúwa wọn ṣe máa ń rí. Ó kọ́ ọwọ́ rẹ̀ ní ọwọ́ wọn. Bó bá wa iṣu tán, kì í dà wọ́n pọ̀. Èbù oníkálukú ní agbọ̀n tirẹ̀.

Àwọn obìnrin á máa fi í ṣe yẹ̀yẹ́ lọ́nà odò. "Ìyá Rabiatou, ebè rẹ yẹn ń tòògbé."

Á ní, "Ẹni tó ni ín ló ń tòògbé. Bó bá jí, yóò dìde."

Ibi tí ọ̀rọ̀ ti wá le nìyí. Nílé wa, bí àgbẹ̀ bá kú, a kì í gbin èbù rẹ̀ mọ́. Ọjọ́ sàráà rẹ̀ la máa ń sè é, gbogbo ẹbí á jẹ ẹ́, olórí ilé á pe orúkọ olóògbé náà síta. Láti ọjọ́ náà ó ti di òkú, ìyàwó rẹ̀ ti di opó. Ṣùgbọ́n ẹni tí èbù rẹ̀ ṣì wà nínú ilẹ̀, ìrìn-àjò ló wà. Kò sí ẹni tó gbọ́dọ̀ pe orúkọ ẹni tó wà láàyè mọ́ ti òkú. Bí a bá ṣe bẹ́ẹ̀, àwa la pa á.

Bàbá Adamou, ẹ̀gbọ́n bàbá Mamadou, ni olórí ilé. Kì í ṣe ènìyàn burúkú, ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni purọ́ mọ́ ọn. Ó rí i pé àwọn márùn-ún wà láìní sàráà, ó rí i pé obìnrin ń fi iṣẹ́ pa ara rẹ̀. Ọdún kẹta ó sọ ọ́, ọdún karùn-ún ó tún un sọ.

"Ìyàwó, ó tó. Jẹ́ ká sè é, ká dárúkọ wọn, kí wọ́n sinmi."

"Bàbá, ẹ rí òkú wọn?"

"N ò rí i."

"Ẹ rí ẹni tó rí i?"

"Àwọn tí Dàhómì bá kó kì í padà, ìyàwó."

"Ọdún tí iṣu wọn kò bá hù mọ́, èmi fúnra mi á dá iná, Bàbá."

Bàbá Adamou ní, "Ọdún keje kò ní kọjá. Tí a bá ti wa iṣu tuntun ọdún keje, màá sè é. Mo ti dàgbà, mi ò fẹ́ kú kí n fi òkú márùn-ún tí a kò sin sílẹ̀ fún ẹni tó ń bọ̀ lẹ́yìn mi."

Àsùmáù gbà. Àgbà ló sọ̀rọ̀, òótọ́ ló sì sọ.

Kí ọdún keje tó pé, ìròyìn dé pé àwọn Faransé ti fọ́ Àgbómẹ̀, olú ìlú Dàhómì, pé ọ̀nà ti ṣí. Àsùmáù ń retí. Òjò rọ̀, iṣu ta, kò sí ẹni tó ti Àgbómẹ̀ gba ọ̀nà Bantè wá. Ọjọ́ iṣu tuntun pé. Bàbá Adamou ní kí wọ́n gbé ìkòkò ńlá ka iná ní àgbàlá, ó ní kí wọ́n kó agbọ̀n márààrún jáde. Àsùmáù fúnra rẹ̀ ló kó wọn. Ó tò wọ́n sílẹ̀, ó lọ kúnlẹ̀ sídìí iná, ó ń fẹ́ ẹ, ó kọ ẹ̀yìn sí gbogbo ènìyàn.

Omi ti ń hó nígbà tí ọkùnrin kan wọ àgbàlá. Ó gbẹ, àpá wà ní ọrùn rẹ̀, ó ń sọ Nàgó bí ẹni ń jẹ ẹja eléegun. Àwọn ọkùnrin dìde. Dàhómì a máa rán amí ṣáájú ogun, amí a sì máa sọ pé ìbátan lòun ń wá. Ogun ti tán, ẹ̀rù kò tíì tán.

Bàbá Adamou ní, "Ta ni ọ́?"

"Issa ni mí, Bàbá."

"Issa pọ̀. Ẹnikẹ́ni lè gbọ́ Issa lọ́nà."

Ọkùnrin náà wo ilẹ̀. Ó ní, "Mo gba ẹ̀gbẹ́ oko wá. Mo rí poro ebè kan níbẹ̀. Ẹni tó kọ ọ́ kò mọ ebè í kọ rárá."

Ẹnì kan rẹ́rìn-ín láìròtẹ́lẹ̀, ó pa ẹnu mọ́.

"Kì í ṣe èmi ni mo kọ ọ́," ó ní, "ṣùgbọ́n tèmi ni."

Bàbá Adamou sún mọ́ ọn. "Kí ni wọ́n ń pè ọ́ nínú ilé yìí?"

"Kò yẹ kí n sọ ọ́ fúnra mi, Bàbá. Ìyàwó wa ló ni orúkọ náà. Ẹ bi í."

Gbogbo ojú yí sí ìdí iná. Àsùmáù kò dìde. Rabiatou wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ó ti tó ọmọ ọdún mẹ́jọ nígbà náà, ó ní ìyá òun ti igi kan sí i wọ iná kó tó sọ̀rọ̀.

"Ebè-wọ́," ó ní, "ọwọ́ yín kò tíì tọ́ síbẹ̀?"

"Ìyàwó," ọkùnrin náà ní, "tìrẹ náà ti wọ́."

Lẹ́yìn ìyẹn ni igbe ta ní àgbàlá, tí ẹnikẹ́ni kò gbọ́ ti ẹnikẹ́ni mọ́.

Nígbà tí ó jẹun tán ni Issa jókòó, tó sọ bó ṣe rí. Ìyá Àgbà kò rìn dé Àgbómẹ̀. Etí odò kan ló dúró sí, ó ní òun ti rìn tó. Ọ̀nà kò jẹ́ kí wọ́n sin ín dáadáa. Ìgbóná pa Ọ̀pẹ́lẹ́ńgẹ́ ní ọdún kejì, Issa ló gbẹ́ ilẹ̀ rẹ̀. Bàbá Rabiatou ṣiṣẹ́ nínú oko ọ̀pẹ títí di ọdún kẹrin. Issa ní ó kọ ebè fún wọn níbẹ̀, ebè ńlá rírọ̀ bíi ti ilé, àwọn ará ibẹ̀ á sì máa wá wò ó. Àìsàn inú ló pa á. Eyínafẹ́ wà láàyè, ó ti bí ọmọ méjì síbẹ̀, kò ní lè fi wọ́n sílẹ̀. Ó ní kí Issa kí ìyàwó, kó sọ fún un pé òun ṣì ń di gèlè.

Àsùmáù gbọ́ gbogbo rẹ̀. Ó dìde, ó gbé agbọ̀n Issa àti ti Eyínafẹ́ padà sínú ilé. Ó ku mẹ́ta. Ó jókòó tì wọ́n.

Bàbá Adamou rọra sọ pé, "Ìyàwó, a ti rí ẹni tó rí i."

"Bẹ́ẹ̀ ni, Bàbá. Ẹ sè é." Ó fi ọwọ́ kan orí iṣu kan nínú agbọ̀n. "Àṣà ní ká jẹ ẹ́. Ṣé ó ní ká jẹ orí rẹ̀ náà?"

Ẹni tó bá ń gbin iṣu mọ ohun tó ń bèèrè. Orí iṣu, níbi tí ìtàkùn ti ń jáde, kì í dùn ún jẹ. Bí a bá gé e sọ́tọ̀, èbù ni. Bàbá Adamou wo àwọn àgbà tó kù. Kò sí ẹni tó ti gbọ́ ìbéèrè náà rí nínú wọn.

Ó ní, "Bàbá mi kò sọ fún mi pé ká jẹ orí. Kò sì sọ pé ká má jẹ ẹ́."

"Ẹ fún mi ní orí, Bàbá. Ẹ̀yin ẹ jẹ ara."

Wọ́n gé orí iṣu mẹ́tẹ̀ẹ̀ta sílẹ̀ fún un, wọ́n sì se ìyókù. Nígbà tó tó àkókò láti pe orúkọ, Bàbá Adamou ní kì í ṣe òun ló pa èbù wọn mọ́ láti ọdún méje. Ó ní kí Àsùmáù pè é.

Ẹnì kan ní, "Ìyàwó ṣe máa pe orúkọ ọkọ?"

"Kò ní pe orúkọ wọn," Bàbá Adamou ní. "Yóò pe tirẹ̀."

Obìnrin kò tíì pe òkú rí nínú ilé wa kí ọjọ́ náà tó dé. Ó dúró sí àárín àgbàlá, obìnrin kúkúrú yẹn, ó kí wọn bí a ṣe ń kí ẹni tó wà lóko: "Ìyá Àgbà, ẹ kú iṣẹ́ o. Bàbá Rabiatou, ẹ kú iṣẹ́ o. Ọ̀pẹ́lẹ́ńgẹ́, ẹ kú iṣẹ́ o."

Issa ní, "Èmi ńkọ́, ìyàwó?"

"Ẹ̀yin, ẹ lọ mú ọkọ́."

Bàbá Adamou fi lọ̀ ọ́ pé kí Issa ṣú u lópó. Àsùmáù ní kí Issa kọ́kọ́ kọ ebè kan tó tọ́, òun á rò ó. Mo rò pé ẹ mọ ìyókù. Ilé ara rẹ̀ ló wà títí ó fi kú, oko ara rẹ̀ ló sì ń ro.

Èbù náà ń bẹ lọ́wọ́ wa di òní, gbogbo márààrún. Igi kájú ti gba ilẹ̀ púpọ̀ lọ́wọ́ iṣu báyìí, ṣùgbọ́n a kì í jẹ́ kí ó gba oko etí ọ̀nà yẹn. Ọjọ́ iṣu tuntun, obìnrin ló ń kí wọn ní àgbàlá wa. Èmi ni mo ń ṣe é láti ọdún mọ́kànlá. Àwọn àbúrò mi ọkùnrin sì máa ń kọ ebè mẹ́wàá tó wọ́ sí apá òsì. Ní ọdún tó kọjá, ọ̀gá kan láti iléeṣẹ́ àgbẹ̀ dúró níbẹ̀, ó ní òun lè kọ́ wọn bí wọ́n ṣe máa kọ ọ́ kó tọ́. Wọ́n dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Wọ́n ní ó ti pẹ́ tí àwọn ti ń kọ́ bó ṣe máa wọ́.